Ṣé Lóòótọ́ Ni Wọ́n Ń Fọwọ́ Ara Wọn Dá Jẹjẹrẹ Sílẹ̀ Ní Láàbù?

Ìyá Táwà, aránṣọ àdúgbò wa, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọn ò tilẹ̀ kí mi tán tí wọ́n fi kó sọ́rọ̀. "Ọmọ mi, ìwọ tó o máa ń ka nǹkan àwọn dókítà, ṣé òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe jẹjẹrẹ ní láàbù? Wọ́n ní wọ́n ń gé nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Kí ló fà á? Ṣé jẹjẹrẹ tó wà nílẹ̀ ò tó ni?"

Inú fídíò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Èmi náà wo fídíò ọ̀hún. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ló sì ti burú, torí irọ́ tó bá ti bá òótọ́ sùn kì í yá já. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gé krómósómù, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ síbi tí kò yẹ, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ sẹ́ẹ̀lì tó dára di èyí tó ń hùwà jẹjẹrẹ. Ẹni tó ṣe fídíò náà kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sọ ohun tí wọ́n ti rí níbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé aránṣọ ló bi mí, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni krómósómù?

Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán ò rí i, síbẹ̀ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni DNA wà. DNA jẹ́ òwú tín-ín-rín tí gbogbo ìtọ́ni nípa bí ara ṣe máa ṣiṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Tí èèyàn bá tú òwú inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tó sì nà án tán, yóò gùn tó mítà 2. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo rò pé ẹni tó tẹ ìwé náà ló ṣàṣìṣe. Ohun tó ga ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ ló wà nínú ohun tí ojú ò lè rí!

Wíwé ni ara wé e kó tó lè gbà. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé òwú tí a kò bá wé, lílọ́pọ̀ ni yóò lọ́pọ̀. Ara pín òwú yìí sí ìdì 46, ó wé ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, ìdì kọ̀ọ̀kan là ń pè ní krómósómù. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá, àwọn onímọ̀ sì fún wọn ní nọ́ńbà láti orí 1, tó tóbi jù, lọ sísàlẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ayé mọ iye yìí o. Títí di ọdún 1956, 48 ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Joe Hin Tjio àti Albert Levan ní orílẹ̀-èdè Sweden ló kà á re tí wọ́n rí i pé 46 ni.

Lórí òwú yìí ni jíìnì wà. Jíìnì ni abala kọ̀ọ̀kan tó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, òmíràn ń sọ fún un pé kó dúró, òmíràn tún wà tó ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀ tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sọ́kàn: dàgbà, dúró, kú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń gbọ́ "dàgbà" ṣáá, tí etí rẹ̀ ti di sí méjì yòókù, òun ló ń di jẹjẹrẹ.

Báwo ni ìdì òwú ṣe ń dàrú?

Sẹ́ẹ̀lì máa ń pín sí méjì kí ara lè máa tún ara rẹ̀ ṣe. Kó tó pín, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo òwú náà kọ, kó sì pín in dọ́gba. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òwú lè já. Ìtànṣán oòrùn lè já a, èéfín sìgá lè já a, nígbà mìíràn kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án tó fi já. Sẹ́ẹ̀lì ní àwọn atúnṣe tirẹ̀ tí í máa so ibi tó bá já, wọ́n sì yára gan-an. Àléébù wọn ni pé ojú wọn ò ríran tó bẹ́ẹ̀. Etí òwú méjì tó bá ti sún mọ́ra ni wọ́n ń so.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Táwà nígbà kan tí Iléyá ku ọ̀la. Ọmọṣẹ́ wọn kan ti gé aṣọ oníbàárà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, léèsì aláwọ̀ ewé àti ànkárá aláró. Oorun ti ń kun ọmọ náà. Ó mú apá ànkárá, ó rán an mọ́ bùbá léèsì. Tẹ́ ẹ bá wo ojú ibi tó rán, kò lábùkù: ó tọ́, ó le, òwú kankan ò yọ. Ìyá Táwà gbé aṣọ náà sókè sí iná, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "O mọ aṣọ rán o. Ta lo wá rán eléyìí fún?"

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí krómósómù gan-an nìyẹn. Tí òwú méjì bá já lásìkò kan náà, àwọn atúnṣe lè so orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì. Krómósómù méjì á wá pààrọ̀ apá. Nígbà mìíràn, inú krómósómù kan ṣoṣo ni òwú ti já níbi méjì, tí abala àárín yóò yí orí rẹ̀ sódì kí wọ́n tó rán an padà. Abala kan lè sọnù pátápátá. Odindi krómósómù sì lè lé ọ̀kan tí sẹ́ẹ̀lì ò bá pín in dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1914, Theodor Boveri, ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé krómósómù tó dàrú ló ń fa jẹjẹrẹ. Ara ẹyin ẹranko òkun kan tó ní ẹ̀gún bí òòrẹ̀ ló ti rí ohun tó mú un ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó dájú kò dé àfi ní ọdún 1960, nígbà tí Peter Nowell àti David Hungerford rí krómósómù kékeré kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CML. Ìlú Philadelphia ni wọ́n wà, torí náà wọ́n sọ ọ́ ní krómósómù Philadelphia. Kí ló sọ ọ́ di kékeré? Ní ọdún 1973, Janet Rowley ní Chicago ló já a: krómósómù 9 àti 22 ló pààrọ̀ apá. Níbi tí wọ́n ti rán méjèèjì pọ̀, jíìnì tuntun kan tí kò sí lára ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ jáde wá, BCR-ABL, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa pariwo "dàgbà" sétí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀.

Nítorí pé wọ́n mọ ojú ibi tí wọ́n rán pọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe rí oògùn tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Imatinib lorúkọ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glivec, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2001. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni àwọn aláìsàn CML ti ń wá láti gbogbo igun Nàìjíríà sí ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ láti gba oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ì bá ti kú láàárín ọdún díẹ̀ ń jí lárọ̀ọ̀rọ̀, ó ń lo hóró oògùn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí ló ṣe àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú?

Jẹjẹrẹ kan wà tí àwọn dókítà ní UCH Ìbàdàn mọ̀ dunjú, torí àwọn ọmọdé wa ló ń bá fínra. Burkitt ni wọ́n ń pè é, orúkọ Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, tó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á wú, eyín á máa mì, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ojú ọmọ á ti yí padà. Ibi tí ibà ẹ̀fọn ti gbilẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù.

Nínú rẹ̀, krómósómù 8 àti 14 ló sábà máa ń pààrọ̀ apá. Èyí yàtọ̀ sí ti Philadelphia, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí i. Kò sí jíìnì tuntun kankan níbí. Jíìnì kan tó ń jẹ́ MYC ló kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Lórí krómósómù 8 tó ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba: iná á wá fún wákàtí díẹ̀, iná á lọ. Lórí krómósómù 14, àwọn jíìnì tó ń ṣe ohun ìjà tí ara fi ń bá àìsàn jà ló wà níbẹ̀, iná tiwọn kì í sì í lọ nínú oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun yìí. Band A ni wọ́n. Wọ́n wá lọ gbé ilé MYC sórí líìnì Band A. Wáyà inú ilé ò yí padà, gílóòbù kankan ò jó, ẹni tó bá yẹ ilé náà wò kò ní rí àléébù. Líìnì tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló yí padà, "dàgbà" sì ń dún tọ̀sán-tòru.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dá a sílẹ̀ fúnra wọn?

Ibi tí fídíò Ìyá Táwà ti pa ìtàn mọ́ nìyí.

Nígbà tí dókítà bá fi máa gé díẹ̀ lára kókó jẹjẹrẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò, inú sẹ́ẹ̀lì náà ti dàrú pátápátá. Nínú kókó jẹjẹrẹ 10, bíi 9 ni iye krómósómù wọn kì í pé 46 mọ́. Sẹ́ẹ̀lì HeLa tí gbogbo láàbù ayé ń lò, èyí tí wọ́n mú lára Henrietta Lacks ní ọdún 1951 ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore láìgba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin náà, krómósómù tiẹ̀ máa ń tó 76 sí 80. Èwo nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ àìsàn? Èwo ni àìsàn náà fúnra rẹ̀ fà? Èwo sì ni kò já mọ́ nǹkan kan?

Ẹ ronú dánfó kan tó ti rin ogún ọdún lójú títì. Ó ń gbóná, ó ń rú èéfín, bíréèkì ò mú, ilẹ̀kùn ni wọ́n fi okùn so. Mẹkáníìkì tó bá kàn ń wò ó kò lè búra pé ohun báyìí ló ń mú un gbóná. Ọ̀nà méjì ló wà tó fi lè mọ̀. Ó lè mú ọkọ̀ tó dára, kó ba ohun kan ṣoṣo jẹ́ nínú rẹ̀, kó wá wò ó bóyá yóò gbóná. Ó sì lè mú dánfó yẹn gan-an, kó tún ohun kan ṣoṣo ṣe, kó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kó wò ó bóyá yóò tutù. Kò sí mẹkáníìkì tó máa ba ọkọ̀ oníbàárà jẹ́ kó lè kọ́ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí dókítà tó máa dán an wò lára èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú abọ́ láàbù àti lára eku ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìmọ̀ yìí ti wà tipẹ́, irinṣẹ́ ni kò sí. Láyé àtijọ́, wọ́n á kàn ki jíìnì tí wọ́n ti sè tán sínú eku, pẹ̀lú iná tó le ju tara ẹ̀dá lọ. Ó máa ń fa jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ilé mọ́ líìnì tó ga jù, kò yẹ kó yà á lẹ́nu tí ilé bá jó. Láti da krómósómù gan-an rú bó ṣe ń dàrú lára èèyàn, iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ni.

Kí ni CRISPR?

CRISPR ni irinṣẹ́ tó wá dé. Ọ̀dọ̀ bakitéríà ni wọ́n ti jí i kọ́. Fáírọ́ọ̀sì máa ń kọlu àwọn bakitéríà náà, wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ojú rẹ̀ mọ̀ tí wọ́n fi ń gé DNA rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 2012, Jennifer Doudna ará Amẹ́ríkà àti Emmanuelle Charpentier ará Faransé fi hàn pé èèyàn lè rán àlùmọ́gàjí yìí níṣẹ́ síbi tó bá wù ú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2020.

Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀: èyí tó ń gé, tí wọ́n ń pè ní Cas9, àti èyí tó ń júwe ọ̀nà fún un. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ DNA, A, C, G àti T, ṣùgbọ́n bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà ló wà lórí ìdajì krómósómù wa, ìyẹn ti ìyá nìkan tàbí ti bàbá nìkan. Àdírẹ́sì bíi lẹ́tà 20 ni afinimọ̀nà yìí máa ń gbé lọ́wọ́. Yóò wá a títí yóò fi rí ibi tó bá a mu, Cas9 á gé e.

Iṣẹ́ CRISPR parí síbẹ̀. Wọ́n máa ń pè é ní "títún DNA kọ", orúkọ yìí ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Gígé ni wọ́n gé e. Àwọn atúnṣe inú sẹ́ẹ̀lì ló ń rán an, àwọn kan náà tí ojú wọn ò ríran dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kó dà bíi ti aláìsàn?

Ẹ gé e níbi méjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tí oorun ń kùn ṣe ìyókù.

N ó mú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan ṣàpẹẹrẹ. Ní ọdún 2007, Hiroyuki Mano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí i pé nínú àwọn kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, abala kan lórí krómósómù 2 ti yí orí sódì. Jíìnì méjì tó jìnnà síra, EML4 àti ALK, tí bíi mílíọ̀nù 12 lẹ́tà wà láàárín wọn, wá di ọ̀kan. Nínú 100 èèyàn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó wọ́pọ̀ jù, bíi 3 sí 5 ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mu sìgá rí láyé wọn. Kókó yìí máa ń ba àwọn aláìsàn lọ́kàn jẹ́ gan-an, torí gbogbo àdúgbò ti gbà pé ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló fọwọ́ fà á.

Ní ọdún 2014, Andrea Ventura àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Memorial Sloan Kettering ní New York fi CRISPR gé àwọn ibi méjì yìí nínú eku. Inú fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ ni wọ́n di irinṣẹ́ náà sí, wọ́n sì gbé e wọnú ẹ̀dọ̀fóró eku náà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì, àwọn atúnṣe rán ojú ibi tí wọ́n gé padà síbi tó wà. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀, abala àárín yí orí sódì kí wọ́n tó rán an. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn tó. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ó sì dà bíi ti èèyàn. Wọ́n wá fún àwọn eku kan ní crizotinib, oògùn tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ní ọdún 2011 fún àwọn tó ní EML4-ALK. Kókó náà sún kì.

Ẹ wò ó bó ṣe tún ọ̀rọ̀ mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n dà rú nínú eku tí gbogbo ara rẹ̀ dá ṣáká, jẹjẹrẹ sì dé. Kò sí pé bóyá nǹkan mìíràn ló fà á. Lọ́dún kan náà, àwọn mìíràn ní Spain fi CRISPR mú kí krómósómù 11 àti 22 pààrọ̀ apá nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, bó ṣe máa ń rí nínú jẹjẹrẹ eegun kan tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà tí wọ́n ń pè ní Ewing.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti yí sódì? Òwú yìí ò ṣeé fojú rí. Wọ́n á fi àmì kan sí apá ọ̀tún ibi tí wọ́n retí pé yóò so pọ̀, wọ́n á fi òmíràn sí apá òsì. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó dára, àmì méjèèjì jìnnà síra wọn ju kí wọ́n lè bá ara wọn ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti di aládùúgbò, ẹ̀rọ á lè da àárín wọn kọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù. Wọ́n á wá da omi náà sínú nǹkan kan tó ń mì tìtì bí ẹ̀kọ tútù, wọ́n á fi iná mànàmáná fà á kọjá, wọ́n á tan iná sí i lábẹ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á tàn yanran. Tí kò bá sí ìlà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti wọmi nìyẹn, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀.

Tí odindi apá krómósómù bá pọ̀ jù ńkọ́?

Pípààrọ̀ apá ò le tó èyí. Kò sí jẹjẹrẹ kan tó wọ́pọ̀ lónìí tí wọn ò ti rí krómósómù tó lé tàbí tó dín, ó sì lé ní 100 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bá ara wọn fa á: ṣé krómósómù tó lé yìí ń ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́ ni, àbí ìdọ̀tí ojú iṣẹ́ lásán ni?

Jason Sheltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wà ní Yale nígbà náà, gba ọ̀nà kejì mẹkáníìkì. Dánfó tó ti bàjẹ́ ni wọ́n mú. Wọ́n wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí apá gígùn krómósómù 1 ti di mẹ́ta nínú rẹ̀ dípò méjì, wọ́n sì yọ ẹ̀kẹta. Báwo lèèyàn ṣe ń yọ ohun tó ní ìkejì tó jọ ọ́ bí ìbejì? Ọgbọ́n kan tí wọ́n dá dùn mọ́ mi. Wọ́n fi CRISPR gbin jíìnì kan sára apá tó lé náà. Jíìnì yìí ló ń sọ oògùn ganciclovir di májèlé. Wọ́n wá gé apá náà, wọ́n da ganciclovir lé gbogbo wọn lórí. Sẹ́ẹ̀lì tí apá yẹn ṣì wà lára rẹ̀ kú. Èyí tó ti jù ú nù ló yè.

Ọdún 2023 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti ti ikùn tí wọ́n yọ apá náà lára wọn kò lè dàgbà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bóyá nínú abọ́ ni o, bóyá lára eku ni. Àwọn ìyókù tó wà nínú wọn tó dàrú ṣì wà níbẹ̀ o, ẹyọ kan ni wọ́n yọ. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti lọ wá apá kẹta wọn padà. Àríyànjiyàn 100 ọdún ò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé ìdọ̀tí lásán ni ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Wọ́n tún rí nǹkan kan. Lórí apá tó lé yìí ni jíìnì UCK2 wà, jíìnì yìí sì ń jẹ́ kí àwọn oògùn kan pa sẹ́ẹ̀lì náà kíákíá ju sẹ́ẹ̀lì tó dára lọ. Ẹrù tí olè jí gbé ló fi mú un. Inú láàbù ni èyí ṣì wà, kò tíì di ohun tí dókítà lè kọ fún aláìsàn.

Ṣé kò léwu?

Ohun tí fídíò náà fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé "jẹjẹrẹ láàbù" lè jáde kó ran èèyàn. Jẹjẹrẹ kì í ràn bí ikọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú abọ́ yẹn, tí wọ́n bá gbé e kúrò nínú àpótí tó ń móoru bí ara èèyàn, tí wọn ò fún un lóúnjẹ, kò ní pẹ́ kú. Wọ́n tún da ọ̀rọ̀ He Jiankui pọ̀ mọ́ ọn, ará China tó fi CRISPR gé DNA àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní ọdún 2018, tí ilé ẹjọ́ sì jù sẹ́wọ̀n. Ìyẹn ṣe tiẹ̀ lára èèyàn, ìwà ọ̀daràn ni. Bákan náà, ìwòsàn tó lo CRISPR fún àwọn SS, Casgevy, tí Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lópin ọdún 2023, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Òun wà fún ìwòsàn, èyí tí à ń sọ yìí wà fún ìwádìí.

Ewu tó wà ní tòótọ́ wà lára gígé fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn tó ń bá David Pellman ṣiṣẹ́ ní Boston fi hàn pé tí CRISPR bá gé krómósómù, nígbà mìíràn krómósómù náà lè fọ́ yángá, kí àwọn atúnṣe sì kó àfọ́kù rẹ̀ jọ bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹni tó fẹ́ fi CRISPR wo èèyàn sàn gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn dáadáa, iṣẹ́ ìwádìí krómósómù yìí ló sì jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè máa wò ó.

Èmi ní ẹ̀dùn ọkàn tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Eku kì í ṣe èèyàn. Ọmọ tí Burkitt ń bá jà ní Ìbàdàn, yàtọ̀ sí krómósómù 8 àti 14, ibà ti jà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr sì sábà máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà. Gígé ibi méjì nínú abọ́ ò lè sọ gbogbo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí báyìí, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti mú wọn. Wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ Henrietta Lacks, ọmọ adúláwọ̀, nígbà tí wọ́n ń mú tirẹ̀, síbẹ̀ tiwa ò tíì pọ̀ níbẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ohùn gígùn mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ padà sí Ìyá Táwà. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lẹ́yìn wọn. Wọn ò béèrè krómósómù, wọn ò béèrè CRISPR.

"Àwọn eku yẹn ńkọ́, ọmọ mi?"

Mo ní àwọn tí wọ́n fún lóògùn, kókó inú ẹ̀dọ̀fóró wọn sún kì.

"Àwọn tí wọn ò fún ńkọ́?"

Mo ní tiwọn ò sún kì.

Ẹ̀rọ dúró. "Áà," wọ́n ní. "Eku ò sì kúkú mu sìgá." Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.